Akẹ́kọ̀ọ́ Ìjọba àti Ọmọ Ọ̀gá Rıfat

Orúkọ ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ulan ló ń jẹ́. Ní Naryn, lórí òkè ilẹ̀ Kírígísì níbi tí wọ́n ti bí i, orúkọ ọmọ gidi ni, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ló sì ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ní Eskişehir, ní ilẹ̀ Tọ́kì, ohun tí awakọ̀ máa ń pariwo mọ́ ẹni tó bá já wọ iwájú ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Kò jìnnà sí "ìwọ oníranù yìí."

Zerrin ni akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní yunifásítì. Lọ́jọ́ tó dé orí orúkọ yẹn nínú ìwé, kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe. Oṣù kẹsàn-án ni. Àwọn tí ìjọba fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́dún náà ti tò láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí àtẹ̀gùn: ọmọ Kosovo, ọmọ Uganda, ọmọ Mongolia, kálukú pẹ̀lú ìwé rẹ̀ ní àyà. Owó ilé ìwé, ibùsùn, oúnjẹ, owó àpò lóṣooṣù, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ní àlọ àti àbọ̀, ìjọba ló ń san gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ Zerrin ni kó lẹ fọ́tò mọ́ fáìlì, kó sì pe ẹni tó kàn.

Ó wo orúkọ náà, ó wo àwọn èèyàn tó wà níwájú rẹ̀, ó wá pe orúkọ bàbá ẹni náà dípò tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un pè.

Ọkùnrin gíga kan tí òòrùn orí òkè ti sun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa jáde lórí ìlà. "Ẹ jọ̀ọ́, èmi gan-an ni kí ẹ pè. Bàbá mi ti kú, wọn ò lè dáhùn."

"Ẹ má bínú," ni Zerrin wí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ulan."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

"Ẹ pariwo rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù," ni ọkùnrin náà fi èdè Tọ́kì tó ń kọsẹ̀ wí. "Láàárọ̀ yìí nìkan, awakọ̀ mẹ́ta ló ti pè mí nígboro. Mo rò pé wọ́n mọ̀ mí ni."

Zerrin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá bírò tí kò já bọ́ lábẹ́ tábìlì, títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ulan jẹ́ méjìlélógún, ó ti sin ìlú rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun kó tó wá. Lọ́jọ́ náà, kò sí ohun mìíràn láàárín wọn ju òǹtẹ̀ tó lù sórí ìwé rẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́, èdè ni wọ́n fi kọ́ gbogbo wọn. Àwọn tó kù máa ń wá sí ọ́fíìsì nígbà tí ìṣòro bá dé. Ulan ní tirẹ̀ máa ń wá kó tó dé. Ó wá béèrè bóyá ìwé tó mú wá lóṣù tó kọjá ṣì wà níbẹ̀. Ó wá béèrè ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn tó gbà wọlé.

"Àbí ilé ìwòsàn ni ibí ni?" ni Perihan, tí òun àti Zerrin jọ ń ṣiṣẹ́, máa ń wí. "Ẹni tó ń wá lójoojúmọ́ tí ara rẹ̀ kò yá!"

"Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni. Kí n lé e ni?"

"Má lé e. Ṣùgbọ́n la ojú rẹ. Ìwé ìgbélùú dùn ju obìnrin lọ lẹ́nu àwọn mìíràn."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí Zerrin létí, kò sì jáde. Ní ọdún kejì, òun àti Ulan ti jọ ń rìn létí odò Porsuk lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á ra çibörek, ìyẹ̀fun tí wọ́n ki ẹran sínú tí wọ́n dín, òróró á máa kán sí wọn lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ púpọ̀. Ó máa ń sọ nípa ìyá rẹ̀, olùkọ́ tó dá tọ́ ọ dàgbà, àti nípa òtútù Naryn, níbi tí wọ́n ti ń gbé bátìrì ọkọ̀ wọlé lálẹ́ kó má baà kú. Zerrin á gbọ́, á rẹ́rìn-ín, á délé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè: èmi ni, àbí òǹtẹ̀ ọwọ́ mi? Ó wo fáìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni pé ìwé ìjọba lè dá a lóhùn.

Ọdún kẹrin ni Àǹtí Müzeyyen, àbúrò bàbá Zerrin, gba iṣẹ́ alárinà. Obìnrin náà fẹ́ràn àtigbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kiri ju oúnjẹ lọ. Ó dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu tíì rẹ̀ tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ kan wà. Ó kàwé, kì í mutí, ó ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Kírígísì ni. Ìjọba ló mú un wá."

Ọ̀gá Rıfat, bàbá Zerrin, gbé ife sílẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Zerrin nìkan ló bí. "Ìjọba mú un wá kó wá kàwé," ó ní. "Owó orí mi wà nínú ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ọ, mi ò sì bínú. Àlejò ni. Àlejò á jẹun, á dúpẹ́, á lọ sílé. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí àlejò ti ń kó ọmọ onílé mọ́ ẹrù rẹ̀ lọ."

"Ẹ tiẹ̀ kọ́kọ́ rí i ná."

"Kó wá. Wíwò kò fọ́jú."

Ulan wá lọ́jọ́ Sunday, ó wọ kóòtù tó yá lọ́wọ́ ọmọ Kosovo kan, apá rẹ̀ sì kúrú. Ó mú nǹkan dídùn wá, ó jókòó sí etí àga.

"Kí lo ń kọ́?" ni Ọ̀gá Rıfat bi í.

"Iṣẹ́ ojú irin, Bàbá."

Ojú àgbàlagbà náà yí padà díẹ̀. "Ṣé ìlú yín ní rélùwéè?"

"Ó wà níwọ̀nba nísàlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa lókè, kò sí rárá."

"Ohun tí kò sí lo wá ń kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bó bá ti wà, wọn ò nílò mi."

Àǹtí Müzeyyen rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Rıfat wò yíká bí ẹni ń wá nǹkan. "Àgbà wo lo mú wá?"

"Mi ò ní àgbà níbí, Bàbá."

"Ìyá rẹ ńkọ́? Kí ni ìyá rẹ wí?"

Ulan kò lè purọ́. Ìyá rẹ̀ ti wí púpọ̀ lórí fóònù. Ní èdè wọn, ọkùnrin tó bá lọ ń gbé ilé àna rẹ̀, "àna ọmọ ajá" ni wọ́n ń pè é, gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá náà sì dá lórí èyí: "Ìwé ni mo ní kí o lọ kà. Mi ò bí ọmọ ajá."

"Inú wọn kò tíì dùn sí i," ni Ulan wí.

"Ó dáa. Inú èmi náà kò tíì dùn. Mu tíì rẹ kó tó tutù." Bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ṣe parí nìyẹn.

Ní ìparí ọdún karùn-ún, ìwé kan dé orí tábìlì Zerrin. Ìjọba máa ń jẹ́ kí àwọn tó bá ṣe dáadáa béèrè ọdún méjì sí i, fún oyè kejì. Orúkọ àwọn tó béèrè ló wà nínú ìwé náà. Zerrin kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ulan kò sí níbẹ̀. Òun ló ṣe dáadáa jù nínú kíláàsì rẹ̀, kò sì béèrè.

Ó pàdé rẹ̀ lórí afárá. Kò kí i.

"O kò kọ fọ́ọ̀mù."

"Mi ò kọ ọ́."

"Ọdún mẹ́rin la ti jọ ń rìn, mo wá gbọ́ látinú ìwé ọ́fíìsì pé ò ń lọ. Perihan ní ìwé ìgbélùú lò ń wá. Ì bá tiẹ̀ sàn bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, ò ń wá nǹkan kan."

Ulan gbé ọwọ́ lé irin afárá. "Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ. Ẹ̀rù bà mí pé bí o bá ní kí n dúró, màá dúró ni. Bí mo bá tún gba ọdún méjì, bàbá rẹ á ní mo jókòó ti àwo. Ìyá mi á ní mo ti di ọmọ ajá. Jẹ́ kí n lọ ṣiṣẹ́. Wọ́n ń la ojú irin gba inú òkè wa. Bí mo bá padà wá, owó ọwọ́ mi ni màá fi wọ bàálù."

"Bí o kò bá padà wá ńkọ́?"

Ó ronú. Èyí ló bí Zerrin nínú jù, pé ó ronú. "Mi ò mọ ohun tó wà níwájú," ó ní. "Mo mọ̀ pé mo fẹ́ padà wá."

Ọkùnrin mìíràn ì bá ti búra. Zerrin rìn lọ láìwo ẹ̀yìn, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì bínú. Ṣùgbọ́n òun náà ló ní láti pa fáìlì Ulan dé, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó kọ ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ jáde sí i, ó lu òǹtẹ̀ "Ó ti parí" sí i lórí, ó gbé e sínú àpótí irin pẹ̀lú tàwọn tó kù. Lẹ́yìn náà, ó tọrọ àyè, ó wọ ọkọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, ó sì dé ibẹ̀ kí Ulan tó wọ bàálù.

Ọdún méjì kọjá. Wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lálaalẹ́, lẹ́yìn náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkè kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Zerrin kọ́ èdè Kírígísì lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ó jọ Tọ́kì tó láti tan èèyàn jẹ, kò jọ ọ́ tó láti gba èèyàn là. Ó ń bá ìyá Ulan sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Lákọ̀ọ́kọ́, ìyá náà kàn ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe ni, bí olùkọ́. Nígbà tó pẹ́, ó ń bi í bóyá ó ti jẹun.

Àǹtí Müzeyyen kò jókòó lásán. Ó mú apòògùn kan tó ń jẹ́ Cüneyt wá sílé.

"Ṣọ́ọ̀bù oògùn méjì ló ní!" ó rọra wí ní kíṣìnnì.

"Ara mi yá, Àǹtí."

"O ṣeun! Máa ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ẹni tó wà lórí òkè yẹn, ṣé ó ní òun ń bọ̀?"

"Ó ní òun fẹ́ wá."

"Fífẹ́ wá àti wíwá kì í ṣe ìbejì." Zerrin gbé tíì lọ fún Cüneyt, ó bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, kò sì rántí ojú rẹ̀ nígbà tó lọ tán. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbìyànjú láti rántí ojú Ulan. Kò tètè wá, ẹ̀rù sì bà á.

Oṣù kẹta ni wọ́n dá láti wá tọrọ rẹ̀, Ulan àti ìyá rẹ̀. Yìnyín wá dí ojú ọ̀nà òkè pa. Ulan wà lẹ́yìn yìnyín náà ní àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ṣíwájú lọ sí Bishkek níbi tí bàálù wà. Ó pe Zerrin ní òwúrọ̀.

"Mò ń bọ̀."

"Ìyá, ẹ dúró de Ulan."

"Tíkẹ́ẹ̀tì kì í dúró de yìnyín. Ìwọ ni wàá bá mi túmọ̀."

Bó ṣe di pé ní ọ̀sán Saturday kan, Zerrin jókòó sórí àpótí láàárín àgbà méjì, ó ń ṣe ògbufọ̀ nínú ìtọrọ ara rẹ̀. Ìyáàfin Anarkül, ìyá Ulan, kéré lára, ó de gèlè funfun, ó ti tẹ́ ẹní olówùú àgùntàn tó fúnra rẹ̀ rán síwájú àga. Àǹtí Müzeyyen ń se kọfí. Kò sí ọkọ ìyàwó níbẹ̀ tí wọn ì bá bu iyọ̀ sí kọfí rẹ̀, bí àṣà Tọ́kì, kí wọ́n fi dán sùúrù rẹ̀ wò.

"Sọ fún un pé mo wá tọrọ ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọmọ mi."

Etí Zerrin gbóná. "Bàbá, wọ́n ní àwọn wá tọrọ... èmi."

"Bi wọ́n pé ọmọ tiwọn dà?"

"Yìnyín ló dá a dúró. Ìyá rẹ̀ ló rí yìí, yìnyín ò dá èmi dúró," ni Ìyáàfin Anarkül dáhùn.

"Sọ fún wọn pé ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní."

Ìyáàfin Anarkül mi orí. "Èmi náà, ọ̀kan ni. Ọdún márùn-ún ni mo fi yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìlú yín. Ṣé ẹnikẹ́ni gbọ́ igbe mi níbí?"

Zerrin túmọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní àwọn ló kọ́ ọ níwèé, àwọn ló bọ́ ọ; ó túmọ̀ ìyẹn náà. Àlejò ni, ó sì ti lọ sílé, ó dára bẹ́ẹ̀; ó túmọ̀ rẹ̀. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ.

Ìyáàfin Anarkül kọjú sí i. "Ọkùnrin yìí le bí ẹran ẹṣin arúgbó. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó wá ń fi ìbínú bò ó. Sọ fún un."

Zerrin kọjú sí bàbá rẹ̀. "Wọ́n ní... ẹ jẹ́ ẹni tó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, Bàbá."

Ọ̀gá Rıfat gbé ife kọfí sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní mo le bí ẹran ẹṣin, ẹ̀rù sì ń bà mí."

Àǹtí Müzeyyen dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

"Ìyá bàbá wa," ni àgbàlagbà náà wí, kò wo ẹnì kankan, "èdè Tàtá ilẹ̀ Kírímíà ni wọ́n fi ń bú wa bí inú bá bí wọn. Èyí jọ ọ́. Mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n ti kú, láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó tún fi ohùn bẹ́ẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà mí."

Zerrin túmọ̀ rẹ̀. Ìyáàfin Anarkül tẹ̀ síwájú. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, sí Ọ̀gá Rıfat fúnra rẹ̀.

"Ìyá bàbá rẹ. Kí ni wọ́n jẹ́ nígbà tí wọ́n dé ìlú yìí?"

"Àlejò."

"Wọ́n wá padà sílé nígbà wo?"

Ibojì obìnrin náà kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sí àga tí Ọ̀gá Rıfat jókòó lé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀. "Zerrin, sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń bà mí."

"Bàbá..."

"Sọ fún wọn. Iṣẹ́ rẹ ni."

Ó sọ ọ́. Ìyáàfin Anarkül dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Èmi náà. Tí òtútù wa bá lé ọmọ rẹ̀ padà wá síbí, èmi ni ọmọ mi á dá lẹ́bi. Mi ò ní parọ́ fún un pé á máa rí ọmọ rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ẹ̀rùn, kí ọmọ wá síbí tàbí kí òun wá sọ́dọ̀ wa. Ìyẹn ni mo lè ṣèlérí."

Nígbà tí Zerrin túmọ̀ èyí tán, bàbá rẹ̀ wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó wà níbẹ̀. "Láti ọ̀sán lo ti ń gbé ọ̀rọ̀ wa kiri bí ẹni ń gbé àwo. Tìrẹ dà?"

Ó ti ń retí ìbéèrè náà fún ọdún mẹ́fà, kò sì múra sílẹ̀ fún un. Ó ronú lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ̀ tó máa ń gbàgbé bí òun kò bá gbé e ka iwájú rẹ̀. Ó ronú lórí Naryn tí kò rí rí, àti ọkùnrin tí kò fojú kàn fún ọdún méjì, tó lè ti di ẹlòmíràn. Kò sí fáìlì tí ó lè ṣí wò.

"Mo fẹ́ lọ, Bàbá," ó ní. "Mi ò fẹ́ fi yín sílẹ̀, mo sì fẹ́ lọ. Méjèèjì ló wà nínú mi."

Ó yíjú láti túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá Ulan, ṣùgbọ́n ìyá náà ti gbé ọwọ́ sí etí ara rẹ̀, ó ń tú yẹtí fàdákà tó wà níbẹ̀. Ó fi í sí etí Zerrin, èkíní, lẹ́yìn náà èkejì. Bí wọ́n ṣe ń sàmì sí àfẹ́sọ́nà lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

Ọ̀gá Rıfat ò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ti ife rẹ̀ síwájú. "Müzeyyen, kọfí yìí ti tutù. Tún òmíràn sè fún àna mi."

Oṣù keje ni ìgbéyàwó, nígbà tí ọ̀nà òkè ti là. Ulan wá fúnra rẹ̀, ó ti rù díẹ̀, irun rẹ̀ ti ń lọ níwájú. Zerrin sì rí i pé òun ní láti tún un mọ̀, bí ẹni tún ilé tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ gbé. Perihan gba tábìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ní Naryn dára, òtútù àkọ́kọ́ kò dára rárá, ó sì sunkún púpọ̀ nínú rẹ̀. Kò padà.

Ṣùgbọ́n bí àwọn obìnrin Naryn bá bi í ní ọjọ́ tó di ìyàwó, kì í dárúkọ oṣù keje. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìtọrọ náà ló máa ń sọ, nígbà tí wọ́n ń sin Ìyáàfin Anarkül lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Òun ló gbé àpò lẹ́yìn. Àwọn àgbà méjèèjì ti ṣíwájú, ọ̀kan ń sọ Kírígísì, èkejì ń fi Tàtá àtijọ́ tó ti dípẹtà dá a lóhùn. Wọ́n ń jiyàn lórí ibi tí wọ́n máa bí ọmọ àkọ́kọ́ sí. Ohùn wọn ròkè, àwọn èèyàn ń yíjú wò wọ́n, kò sì sí èyí tó wo ẹ̀yìn nínú wọn láti pe Zerrin pé kó wá túmọ̀.